Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Irun Baálẹ̀

Ẹ jókòó bó ṣe bá yín lára mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sórí tábìlì, kó gbé e. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ kì í gun ibi tí oúnjẹ ń gbé jókòó, ṣùgbọ́n mi ò wá jà lónìí. Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí ẹ fi hàn mí nínú fóònù yín ni mo fẹ́ dáhùn: ọkùnrin tó sanra, tó wọ kóòtù, tí irun rẹ̀ rí bíi ti akọ̀wé báǹkì, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì tí wọ́n ní kó máa polówó. Ẹ ní ṣé ẹni tí èmi bàbá yín àgbà máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ láyé ọjọ́un nìyí. Òun ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n nígbà tó jẹ́ pé ọ̀já tí wọ́n ń dì mọ́ ìdí nìkan ló ń wọ̀. Ó níyì ju báyìí lọ.

Àwọn ará Japan ní ìjàkadì kan tí wọ́n ń pè ní súmò. Orí pèpéle amọ̀ ni wọ́n ti ń jà á, wọ́n á fi okùn koríko ṣe òbìrípo sórí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣubú, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde nínú òbìrípo náà, òun ló fìdí rẹmi. Ìjà mìíràn kì í pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jà, wọ́n á da iyọ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á fi lu ilẹ̀ gbì, wọ́n á wo ara wọn lójú bí ẹni tó fẹ́ pín ogún, wọ́n á tún padà lọ da iyọ̀. Bí ìpàdé àwa ọmọ Nàìjíríà ní Dallas náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé tiwọn máa ń parí.

Wọ́n ní ipò kan tó ga ju gbogbo ipò lọ. Ẹni tó bá dé bẹ̀, kò sí ẹni tó lè já a wálẹ̀ mọ́. Bó bá ń fìdí rẹmi lemọ́lemọ́, wọn kò ní rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ó tó, tí yóò jáde sí gbangba, tí yóò sì sọ pé òun ti ṣíwọ́. Ọkùnrin inú fọ́tò yín dé ipò yẹn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. A kò lè pe orúkọ rẹ̀ já geere, la bá sọ ọ́ ní Baálẹ̀, torí pé bó bá ti dúró sórí pèpéle yẹn, ńṣe ló ń dà bíi pé òun ló ni ilẹ̀.

Àwa mẹ́ta la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: èmi, Díákónì, àti Bàbá Tóbi. Àpátímẹ́ǹtì kan náà la kọ́kọ́ gbé ní Grand Prairie nígbà tí a dé ìlú yìí, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn. Ilé náà kò dára. Bí Bàbá Tóbi bá húkọ́ nínú yàrá tirẹ̀, inú yàrá tèmi ni mo ti máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, Bàbá Tóbi ka ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, Díákónì ka nǹkan kan tí orúkọ rẹ̀ ń gùn sí i lọ́dọọdún. Gbogbo ìwé yẹn la fi ń gbé páálí lé páálí. Lákòókò ìsinmi, a máa ń jókòó sórí páálí kan náà, a ó máa jiyàn lórí ìdí tí àwọn ìjọba ńláńlá ayé àtijọ́ fi ṣubú, títí ọ̀gá wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, yóò fi ní kí a dìde.

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ máa gbọ́ kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́ lára ògiri. Bàbá Tóbi nìyẹn, ó ń fi ìdí ṣíbí kan ògiri: súmò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó rọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀yin lónìí, kí ẹ tó lọ kí ọ̀rẹ́ yín, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, òun náà á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà, ẹ ó dá ọjọ́, ẹ ó yẹ ọjọ́, ó sì tán nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n mi nìkan ló ń mú ìkànnì àwọn ará Japan, ìyẹn bí a bá fi áńtẹ́nà há ojú wíńdò, tí Díákónì sì dúró sí apá ọ̀tún, tí kò mira. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin náà wúlò nígbà kan.

Ìyá yín àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń gbé àkàrà wá. Á dúró, á wo tẹlifíṣọ̀n, á sì wò wá.

"Àgbàlagbà mẹ́ta," ló máa ń wí. "Ẹ jí ní Sátidé, ẹ ò tíì gbàdúrà, ìdí ọkùnrin lẹ jókòó tí ẹ ń wò."

Díákónì á ní, "Ìyàwó wa, àṣà ni."

"Àṣà wo? Ṣé àṣà yẹn ò mọ ṣòkòtò ni?"

Ọdún tí Baálẹ̀ kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ, inú wa dùn débi pé Bàbá Tóbi pe Díákónì níjà lórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè. Wọ́n da iyọ̀ ìdáná mi sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n lu ilẹ̀, ará Mexico tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà lọ́hùn-ún. Bàbá Tóbi kò nípọn tó Díákónì, ṣùgbọ́n ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ó sì gbé e lu tábìlì gíláàsì. Nígbà tí ará Mexico náà gun òkè wá láti bá wa jà, ó bá wa níbi tí a ti ń ṣa gíláàsì. Ó wò wá títí, ó wá béèrè ẹni tó borí. Lọ́jọ́ kejì, Díákónì ń tiro wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bi í, ó ní ìkúnlẹ̀ àdúrà ni. Pásítọ̀ fi ìbàdí rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, obìnrin méjì sì jáde láti wá jẹ́rìí pé orúnkún àwọn náà ń dun àwọn. Bó ṣe di díákónì nìyẹn. Mi ò purọ́.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ogún ọdún ni mo fi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn lójú rẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tó já sí.

Nígbà tó yá, a di èèyàn. Bàbá Tóbi ṣe ìdánwò, ó di nọ́ọ̀sì. Èmi náà ṣe é. Díákónì wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ra ilé sí Farmers Branch, ilé alátẹ̀gùn méjì fún èèyàn méjì. Kò sí ògiri tí ẹnikẹ́ni lè kàn mọ́. Fíríwéè, títì márosẹ̀ ibí, ló wà láàárín wa. Lẹ́yìn náà ni àrùn ojú mú Bàbá Tóbi, irú èyí tó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, títí tó fi kù bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́, tí ihò náà sì dí. Tóbi gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Duncanville. Èmi nìkan ni mo kù ní àpátímẹ́ǹtì wa.

Kò sì sí Sátidé súmò kan tí a kò pàdé. Èmi ni mo ń wakọ̀. Díákónì ní mọ́tò tó tóbi bíi ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kì í wà á gun fíríwéè, ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, màá gbéra ní Grand Prairie, màá gbé Díákónì ní Farmers Branch, màá sọ̀kalẹ̀ gbé Bàbá Tóbi ní Duncanville, màá kó gbogbo wa padà sílé. Ọ̀nà yẹn gùn, ó sì wọ́. Mi ò rojọ́ rí. Bí mo bá ti fún Bàbá Tóbi ní àga rẹ̀, màá jókòó tì í, màá máa sọ ohun tí mo ń rí fún un.

"Ó ti da iyọ̀. Ó ń wo ọmọkùnrin náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó lóun ò ní jẹun."

"Wọ́n ti kọlura?"

"Wọ́n ti kọlura. Ó ti di ọ̀já rẹ̀ mú."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì."

"Ó ti parí nìyẹn," Bàbá Tóbi á wí, á sì fẹ̀yìn ti àga. Kò ṣì í rí. Ẹni tí kò ríran ló ń sọ fún àwa tí a ríran bí ìjà yóò ṣe parí.

Orúnkún ló pa Baálẹ̀. Ó ń fi aṣọ so ó, ó ń jà. Ó ṣubú níwájú àwọn ọmọdé tí kò yẹ kó ṣubú níwájú wọn. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó tẹrí ba, ó ní ara òun kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Òun ló sọ ọ́ fún wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ará ibẹ̀ ní ètò kan fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Irun gígùn tó máa ń dì sórí ni àmì pé ó jẹ́ oníjàkadì. Wọ́n á gbé e jókòó sórí pèpéle, àwọn èèyàn á máa gun òkè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rẹ́, ọ̀gá, ọ̀tá àtijọ́, oníkálukú á fi sísọ́ọ̀sì gé irun náà díẹ̀, bíńtín, á fọwọ́ kàn án léjìká, á sì lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níjà ló máa ń gé èyí tó kẹ́yìn. Tí ìyẹn bá já, ó di ọkùnrin lásán. A gbọ́ pé wọ́n máa gbé ti Baálẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n ní àárọ̀ Sátidé kan, a sì fohùn ṣọ̀kan pé a ó jọ wò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, mo gba iná pupa kọjá ní Duncanville. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn. Mi ò sáré. Mi ò mutí. Mi ò rí iná náà ni. Tírélà kan tẹ họ́ọ̀nù gígùn, ó sì gba ẹ̀yìn wa kọjá pẹ́rẹ́. Bàbá Tóbi béèrè láti ẹ̀yìn pé kí nìyẹn. Mo ní tírélà ni. Díákónì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo iwájú, ó ní, "Ooru ti ń mú o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A lọ wo ìjà wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Ó ní a kò lè kàn jókòó wò ó lásán, ó yẹ kí a ṣe ìdágbére tó lórúkọ. Ìdágbére fún ọkùnrin kan ní Japan tí kò mọ̀ pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ Grand Prairie. Ó tẹ ìwé ètò aláwọ̀ mèremère, ojú ewé mẹ́rin. Fọ́tò Díákónì ló wà níwájú, ó wọ kóòtù, ó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n. Fọ́tò Baálẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, ó kéré bí èékánná. Nọ́mbà kìíní: ìwọlé àwọn àlejò pàtàkì. Pálọ̀ mi ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ ló sì wà. Wọ́n fi èmi ṣe alága, wọ́n kọ oyè yunifásítì mi sẹ́yìn orúkọ mi. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo ka ojú ewé méjì fún Bàbá Tóbi lórí fóònù, òun náà ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mi ò dé ojú ewé kẹrin.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èèyàn bí ogún ló wà nínú pálọ̀ mi. Pásítọ̀ wá. Bísí, ìyá yín, gbé kéèkì wá, èmi sì rò pé ti Baálẹ̀ ni. Mo gbé Bàbá Tóbi jókòó, mo jókòó tì í.

"Ta ló wà lórí pèpéle báyìí?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ dá a nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ó ti gé e. Ó fọwọ́ kàn án léjìká."

"Ṣé ó ń sunkún?"

"Kò tíì sunkún."

Wọ́n gùn ún, wọ́n sọ̀, wọ́n gùn ún, wọ́n sọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló gùn ún kẹ́yìn, àgbàlagbà kékeré kan. Nígbà tí irun náà já, Baálẹ̀ dijú. Mo ní, "Ó ń sunkún báyìí." Bàbá Tóbi yọ hańkáṣíìfù.

Gẹ́gẹ́ bí alága, èmi ni mo ń ka ètò sókè. Mo ṣí ojú ewé kẹrin, mo sì fi ohùn tí mo fi ń ka ìyókù kà á: "Nọ́mbà keje. Alága yóò fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́."

Mo ti kà á tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo kà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bísí ti kúnlẹ̀ síwájú mi, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Dádì, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ tí ẹ bá jáde." Fóònù bíi mẹ́wàá ń yà wá. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ fún bàbá tó fi ìgbéraga sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè jókòó láàárín ogún èèyàn kó má ṣe àmín? Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi lé e lọ́wọ́.

Bàbá Tóbi ń yí orí kiri. "Bàbá Bísí, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Mo dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo bá Díákónì ní kíṣìnnì, ó ń gé kéèkì.

"O wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn," mo ní. "Ọ̀rọ̀ ooru lo sọ fún mi. Ṣé o ò lè sọ fún mi ni?"

Kò gbójú sókè. "Tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, kí lo máa ṣe?"

"Màá gbọ́."

"Irọ́ ni. Wàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wàá ní ẹni tó ń bẹ̀rù fíríwéè ló ń kọ́ ọ ní ìwakọ̀. Bàbá Tóbi á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán. Lọ́jọ́ kan, wàá pa wá." Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "Ọ̀nà tí o kò fi ní lè rẹ́rìn-ín ni mo wá. Mo gbé e sórí pèpà, mo ní kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i."

"Ta ló máa wá máa gbé Bàbá Tóbi?"

"A máa ṣètò."

Ó ṣètò lóòótọ́. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí fóònù, ìgbìmọ̀ ìrìnnà àwọn àgbà. Ó ní alága, ó ní igbákejì alága, ó ní akọ̀wé, ó ní alága àdúrà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi òdòdó àti ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ sí ara wọn. Mọ́tò kan kò tíì gbéra. Tóbi ní òun máa gbé bàbá òun wá nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Ìyá yín ní òun máa gbé mi lọ. Iṣẹ́ wọn kì í dẹwọ́, mi ò sì bú wọn, èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kó mi wá sí ilé yìí, tí títì rẹ̀ kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, tí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, mo ní láti tọrọ àyè bí ọmọ ilé ìwé. Baálẹ̀ sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Tèmi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò, wọ́n sì ní kí n kà á sókè.

Díákónì pè mí lẹ́ẹ̀kan láti béèrè bóyá ara mi le. Mo ní ooru ń mú. Kò pè mọ́.

Bàbá Tóbi pè mí ní Sátidé tó kọjá. Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀yin lẹ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀, ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí, ògiri ni mo dojú kọ. Mo ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

"Baálẹ̀ ńkọ́?"

Òun náà mọ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé irun ọkùnrin náà. Mo ní, "Ó ti ń gòkè bọ̀."

"Orúnkún rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dà bíi pé ó ti san."

"Ta ló fẹ́ bá a jà?"

Mo rò ó díẹ̀. "Díákónì ni."

Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú imú rẹ̀. "Kí ló wọ̀?"

"Kóòtù. Ó mú ìwé ètò dání."

"Wọ́n ti kọlura?"

"Wọ́n ti kọlura. Baálẹ̀ ti di bẹ́líìtì Díákónì mú, ọwọ́ òsì. Ó ti gbé e sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílẹ̀."

Ẹ̀rín ti kúrò nínú ohùn Bàbá Tóbi.

"Bàbá Bísí, má tíì jẹ́ kó gbé e sílẹ̀."